Ẹ̀rọ Karùn-ún Nínú Ilé Opó

Bí wọ́n bá fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ rúta tuntun náà, eré tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń sá kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá yọ wáyà náà, tí wọ́n ní kó máa gba inú afẹ́fẹ́ bọ̀, á di ìgbín. Ìyẹn kò ya Bàbá Wáyà lẹ́nu. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àìsàn rúta tí kò rí rí kò pọ̀ mọ́. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé ohun tó ń jáde kúrò nínú ilé náà ń yára dáadáa, èyí tó ń wọlé nìkan ló ń wọ́. Rúta tó bá ń ṣàìsàn, tọ̀tún tòsì ló máa ń dùn ún.

Ìgbà kẹta nìyí tí wọ́n máa pè é padà láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ojú sì ti ń tì í. Ọjọ́ Ajé ló yọ rúta àtijọ́ tí inú rẹ̀ ti jóná, tó gbé tuntun síbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ṣe fún ilé yìí náà: orúkọ àtijọ́ ló fún rúta tuntun, pásíwọọ̀dù àtijọ́ ló sì fi sí i, kí gbogbo ẹ̀rọ tó ti mọ ilé lè wọlé fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ń tẹ nǹkan kan. Ó máa ń fi àṣà yìí yangàn. Ó máa ń sọ pé káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé.

Opó ni onílé náà, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Awakọ̀ ọkọ̀ epo ni ọkọ rẹ̀. Ó di oṣù mọ́kànlá tí ọkọ̀ náà yọ̀ lórí afárá, tó sì kó sódò. Wọ́n rí òkú gbé, wọ́n sin ín, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ náà ṣì wà nísàlẹ̀ omi, foonu ọkùnrin náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Oyún oṣù mẹ́rin ló fi sílẹ̀ sínú ìyàwó. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́fà báyìí, ó sanra, ó rí roboto, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún.

Inú ilé lobìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, òun á dáńlóòdù ohùn wọn, á sì tẹ̀ ẹ́ síwèé fún ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ Ajé, ohùn tó yẹ kó wọlé ní ìṣẹ́jú kan ń gbà tó wákàtí mẹ́ta.

“Bàbá, ẹ má bínú pé mo tún yọ yín lẹ́nu,” ló sọ bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn. “Àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò ni?”

“Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í mọ ẹni tó ń lò ó, ìyàwó. Gbé láptọ́ọ̀pù ẹ wá.”

Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun ló ti gbé rúta kúrò lórí fíríìjì, nítorí pé irin máa ń dènà fún un. Lọ́jọ́rú ló pààrọ̀ wáyà tó ti ìta wọlé, tó tún yí ojú ọ̀nà tí rúta ń gbà sọ̀rọ̀ padà kó má baà máa forí gbárí pẹ̀lú ti aládùúgbò. Kò mú un lára dá. Bí kò bá nídìí, ẹ̀ṣẹ́ kì í dédé ṣẹ́, ni Bàbá Wáyà sọ nínú ọkàn rẹ̀, ó fa àga, ó sì ṣí ojú ìwé tí rúta fi ń to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó bá so mọ́ ọn.

Márùn-ún ló rí níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù. Foonu obìnrin náà. Tẹlifíṣọ̀n. Foonu Bàbá Wáyà fúnra rẹ̀. Ìkarùn-ún kò lórúkọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ nìkan ló dúró fún un. Ó ti wọlé láti ọjọ́ Ajé, ìṣẹ́jú méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n tan rúta, kò sì tíì sinmi dáńlóòdù láti ìgbà náà.

“Olè ti wọlé sí ẹ lára,” ló wí. “Aládùúgbò kan ló ń mu omi ẹ.”

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan tún wà níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ bó ṣe sún mọ́ rúta tó. Ẹ̀rọ tó bá jìnnà, nọ́ńbà tirẹ̀ á kéré. Ti ìkarùn-ún yìí wà ní àádọ́rùn-ún. Kì í ṣe ilé kejì ló wà. Inú pálọ̀ níbí ló wà pẹ̀lú wọn.

Obìnrin náà gbé ọmọ lọ sí ilé ìdáná láti lọ po wàrà fún un. Nọ́ńbà náà wálẹ̀ sí ogójì. Nígbà tó gbé ọmọ padà dé, nọ́ńbà tún gun àádọ́rùn-ún. Bàbá Wáyà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

“Ìyàwó, kí lo mú dání?”

“Ọmọ ni.”

“Yàtọ̀ sí ọmọ?”

“Fídà wàrà rẹ̀. Kí ló dé, Bàbá?”

Ó ní kó lọ tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn rẹ̀ ní yàrá inú lọ́hùn-ún, kó wá dá lọ sí ilé ìdáná. Nọ́ńbà náà bá ọmọ wọ yàrá. Nígbà tí ìyá jáde kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà kò tẹ̀lé e.

Àwọn méjèèjì jọ lọ wo yàrá náà. Ehoro aláṣọ kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Bàbá Wáyà kúnlẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn, ó gbé ẹní kékeré sókè, kò rí nǹkan kan. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tẹjú mọ́ ibi kan lókè orí rẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀. Òórùn dísù, epo tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń lò, fẹ́ yẹ́ẹ́ nínú yàrá náà.

“Ṣé ẹ ní jẹnẹrétọ̀ ni?”

“A ò ní. Ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbọ́ òórùn yẹn,” lobìnrin náà wí. “Mo rò pé ara rúta tuntun ni.”

Ká sọ pé ọjọ́ mìíràn ni, Bàbá Wáyà ì bá fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti wú díẹ̀, ó sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí kíákíá. Òfin kan wà tó máa ń tẹ̀ lé tó bá bá ẹ̀rọ àjèjì nínú ilé: kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kó o wá béèrè pé ta ni. Ó padà sí pálọ̀, ó tẹ ẹ̀rọ tí kò lórúkọ náà, ó sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dènà.

Ìkarùn-ún pòórá. Ó wọn eré íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló ń wọlé.

“Yéè! Bàbá, ẹ ṣeun o!” Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ohùn àwọn dókítà ń ya wọlé sórí láptọ́ọ̀pù níwájú wọn. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí Bàbá Wáyà ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn, inú òun náà sì dùn. Ó ń ká wáyà rẹ̀ sínú àpò, ó ń ṣàlàyé fún un pé kò sóhun tí ọgbọ́n kì í ká, nígbà tó ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ ti kúrò lára láptọ́ọ̀pù.

Foonu ló ń wò.

“Bàbá,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. “Ẹ bá mi wo nǹkan yìí.”

Ojú ibi tó ti ń kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì tijú bó ṣe ń sọ ọ́: láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti kú, ojoojúmọ́ ló ń kọ̀wé sí nọ́ńbà rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní í dé. Àmì kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì dé, àmì kan ṣoṣo ló sì ti wà lára gbogbo rẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Òwúrọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà sókè wo àwọn tó ti pẹ́. Àwọn tó wà lókè ti di àmì méjì.

“Ilé-iṣẹ́ foonu ti gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni,” Bàbá Wáyà wí. “Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́.”

 Obìnrin náà fi ìka hàn án ibi tí wọ́n kọ aago tí ẹni náà wà lórí ìlà kẹ́yìn sí. Òní, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Bàbá Wáyà yíjú sí rúta. Aago tí rúta kọ sílẹ̀ pé ó dènà ẹ̀rọ karùn-ún náà nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ó yẹ kó ti wo ìwé rẹ̀ kó tó dènà ẹnikẹ́ni. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa ń kọ àwọn ẹ̀rọ oníbàárà sí, ilé kan, ojú ewé kan. Ìkánjú ni kò jẹ́ kó ṣí i. Ó lọ mú un nínú ọkọ̀ báyìí, ó wá ojú ewé ilé yìí rí, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló kọ ọ́. Ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì lè sẹ́ ẹ: foonu baálé.

Ó jókòó. Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́, ó sì ń ṣe é bíi kó gbé àpò rẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò bẹ̀rù. Ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ náà láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń wá ibi tí àmì méjì ti dúró, ojú rẹ̀ sì ń dúdú sí i.

“Mo bínú sí i gan-an, Bàbá,” ló wí. “Mo ti bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn pé kó má lọ, pé ojú rẹ̀ kún fún oorun. Ó ní mo ti ń yọ òun lẹ́nu jù. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá, mi ò lè sunkún. Èébú ni mò ń kọ ránṣẹ́ sí i. Oṣù márùn-ún gbáko. Mo máa ń ya fọ́tò ara mi pẹ̀lú ojú wíwú, màá ní wò ó, wo ohun tó o fi mí ṣe. Màá ka gbogbo rẹ̀ sínú fídíò fún un, ní wákàtí kan, wákàtí méjì.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Lẹ́yìn náà mo bímọ. Ọmọ náà lajú, ojú rẹ̀ ni mo rí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí ọmọ yìí bá ṣe, mo máa ń yà á fún un. Mo sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Pé kó dárí ji èmi náà.”

Ó na foonu náà sí Bàbá Wáyà. Gbogbo oṣù márùn-ún ìbínú ló ti dé, àwòrán, fídíò, èébú, kò ku ẹyọ kan. Ohun tó ń dí ọ̀nà láti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ní àmì méjì kẹ́yìn kò gùn: Má dé ilé yìí mọ́, ì báà jẹ́ lójú àlá. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, àmì kan ṣoṣo ló ní: Mo ti bí ọmọ wa.

Bàbá Wáyà padà sídìí rúta láti ṣí ilẹ̀kùn tó ti tì. Ó yọ ìdènà náà kúrò, wọ́n sì dúró. Ìyá gbé ọmọ wá sórí itan. Bàbá Wáyà pa rúta, ó tún tàn án. Ó gbé e padà sórí fíríìjì níbi tó wà lọ́jọ́ Ajé. Ó gbé e wọ yàrá ọmọ. Nígbà tó di ọ̀sán, orúkọ mẹ́rin ṣì ni. Òórùn dísù kò sí nínú yàrá mọ́, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń wo òkè orí ibùsùn rẹ̀, ó ń na ọwọ́.

“Ó lè jẹ́ pé ó ń bọ̀,” Bàbá Wáyà wí.

“Mo ní kó má wá,” lobìnrin náà dáhùn. “Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó gbọ́ ọ, a sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn.”

“A” ló sọ. Kò sọ pé “ẹ̀yin”. Bàbá Wáyà ì bá fẹ́ kó bú òun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, ta ni yóò sì wá kó o? Ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò sì mọ ohun tó tún lè ṣe.

Kò dènà ẹ̀rọ kankan mọ́ ní ilé oníbàárà kankan láti ọjọ́ náà. Àràárọ̀, bí aago mẹ́wàá bá ti kọjá, foonu rẹ̀ á dún. Á gbé e, á gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn, kò sì ní í dúró kí i kó tó béèrè.

“Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń lọra?”

“Rárá, Bàbá,” lobìnrin náà á wí. “Ó ṣì ń yára.”