Kóòtù Lábẹ́ Páálí

Páálí fíríìjì kan ló so Maren àti Wendell pọ̀. Maren di etí rẹ̀ kan mú, Wendell di èkejì mú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ilé ní Duluth, ìlú olótùútù kan létí adágún ní àríwá Amẹ́ríkà, kò sì sí èyí tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnì kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Maren wí, "láti àná ni mo ti bá ọmọ ṣọ́ọ̀bù sọ ọ́."

"Àárọ̀ yìí lèmi bá a sọ ọ́, mà. Ó jọ pé ọmọ yẹn kò lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni."

Maren fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó wo ọkùnrin náà dáadáa. Ohùn rẹ̀ ń fà bí oyin, ohùn àwọn ará gúúsù. Kóòtù tó wọ̀ kò nípọn ju èyí tí ará Duluth ń wọ̀ jáde lọ da ìdọ̀tí nù nígbà ooru.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Amos ọmọ mi fẹ́ di ọkọ̀ ojú omi nígbà Hálówíìn. Àwọn ọkọ̀ gígùn tó ń kó òkúta irin kọjá lábẹ́ afárá ìlú yìí. Láti ìgbà tí èmi àti òun nìkan ti kó dé láti Alabama, kò sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn mọ́."

"Linnea tèmi fẹ́ di ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà."

Ní alẹ́ Hálówíìn, àwọn ọmọdé á wọ aṣọ ìdíbọ́n, wọ́n á máa gba súìtì láti ilé dé ilé. Wendell họ orí.

"Mà, ọkọ̀ tí kò bá ríná, àpáta ló máa gbá. Iná tí kò bá sì rí ọkọ̀, ta ló ń tàn fún?"

"Páálí yìí ga ju èmi àti ẹ̀yin lọ," ni Maren fèsì. "Bí a bá fara balẹ̀ gé e, á kárí."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé páálí náà sórí mọ́tò Maren. Kò sókùn, ni kálukú bá yọ ọwọ́ kan síta láti ojú fèrèsé, wọ́n dì í mú lórí òrùlé mọ́tò títí wọ́n fi délé.

Ní gáréèjì Maren ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Iṣẹ́ páálí kì í ṣe iṣẹ́ ipá. Ìlà wà nínú páálí bó ṣe wà nínú igi: bí o bá tẹ̀lé e, á ká bí aṣọ, bí o bá ta kò ó, á ṣẹ́. Wendell mọ èyí. Ó lè jókòó ti páálí tí a tú palẹ̀, kó máa wò ó bí ẹni tó ń wá ìtumọ̀ àlọ́, kó tó wá fọwọ́ sí ibì kan pé, "Iwájú ọkọ̀ ti wà níbí. Ká ṣáà jẹ́ kó jáde." Maren ní tirẹ̀ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ìlà tẹ̀léra-tẹ̀léra sí páálí ilé iná náà, ló bá ká roboto láìsí ibi tó ṣẹ́.

"Ọwọ́ yín dáa, mà."

"Ẹ yéé pè mí ní mà. Ẹ ń sọ mí di ìyá àgbà."

"Ẹ̀yin náà ẹ yéé pè mí ní sà, mi ò tíì hu ewú."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó di "Maren" àti "Wendell." Nígbà tó yá, Maren rí i pé òun ti ń fọ irun kí ọkùnrin náà tó dé. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń bà á lẹ́rù pé inú òun ń dùn.

Ó nídìí. Curtis, bàbá Linnea, láti aṣálẹ̀ Arizona ló ti wá. Ìgbà òtútù kejì kò tíì parí tó fi wọ mọ́tò lọ, tí kò sì padà mọ́. Ó pẹ́ gan-an kí Linnea tó yéé dúró lójú fèrèsé, kó máa wo ojú ọ̀nà. Maren ti búra pé ọmọ náà kò ní dúró níbẹ̀ mọ́ nítorí ọkùnrin kankan.

Arvid, bàbá Maren, kò gbàgbé ìbúra náà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkúta irin. Lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé báyìí, ẹnu ọ̀nà gáréèjì ló sì máa ń jókòó sí pẹ̀lú kọfí rẹ̀.

"Ẹni tó ń fi páálí kan ọkọ̀," ló wí fún kọfí, "kí ni yóò fi kọ́lé?"

"Mo gbọ́ o, Bàbá," ni Wendell fèsì.

"Mo fẹ́ kóo gbọ́ ni."

Ìgbà tó ku òun àti Maren nìkan ní kíṣìnnì ló tó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹyẹ ìgbà ooru ni, ọmọ mi. Yìnyín àkọ́kọ́ ló máa lé e lọ."

"Wendell kì í ṣe Curtis."

"Curtis náà kì í ṣe Curtis nígbà tó kọ́kọ́ dé."

Maren ṣí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́.

Wendell gbé ọkọ̀ náà lọ sílé láti kùn ún, kó sì wọ̀n ọ́n sí Amos lára. Ìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Hálówíìn mọ́, yìnyín ti bo elégédé tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá àti ọmọ dé. Ọkọ̀ náà pupa fòò, ó ń dán, ó sì gùn. Maren pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, Amos, wọ ọkọ̀ rẹ."

Amos gbọ́wọ́ sókè. Wendell sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ sí i lórí. Ó dé èjìká, ó há. Kóòtù òtútù ọmọ náà ti wú bí ìrọ̀rí. Wọ́n tì í, wọ́n fà á. Apá Amos ṣáà wà lókè bíi ti ẹni tí ọlọ́pàá mú.

"Wendell, báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

"Nínú ilé. Ṣẹ́ẹ̀tì ló wọ̀."

Maren bojú. Kò sí ìyá kan ní Duluth tí kì í wọn aṣọ Hálówíìn lé orí kóòtù. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ẹnikẹ́ni, bí a kì í ti í kọ́ ènìyàn pé omi máa ń tutù. Ó ti wọn ilé iná Linnea bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí i lọ́kàn láti sọ fún Wendell.

"Kí n bọ́ kóòtù," ni Amos wí látinú ọkọ̀.

"Rárá," ni gbogbo àgbà dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Arvid gbé kọfí kalẹ̀. "Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Ọkùnrin yìí kò mọ ibi tó ń gbé."

Wendell yọ ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì jókòó lé agolo ọ̀dà. Amos ń sunkún. "Bóyá òótọ́ ni Bàbá ń sọ," ni Wendell wí. "Bóyá ibí kọ́ ló yẹ wá."

Ọ̀rọ̀ tí Curtis fi bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Gbọ́, Wendell," ni Maren wí. "Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi wọ mọ́tò, ó lọ. Mo fẹ́ràn rẹ. Bóo bá máa lọ, lọ nísinsìnyí, kí ọmọ mi tó fẹ́ràn rẹ ju báyìí lọ. Bóo bá sì máa dúró, mú abẹ yẹn nílẹ̀."

Wendell wo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú abẹ.

"Níbo ni ká ti là á?"

"Ìwọ lo mọ àlọ́ páálí. Sọ fún mi."

Ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan. "Àárín, níwájú àti lẹ́yìn. Á fẹ̀. Àmọ́ páálí tí a máa fi dí àlàfo rẹ̀ ti tán."

"Ẹ gé ẹ̀yìn ilé iná mi," ni Linnea wí. "Mo fẹ́ kí ọkọ̀ wá."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ téèpù mọ́ ọn ni Arvid gbérasọ. "Ẹ dúró ná. Ta ló fi ilé atukọ̀ sí ìdí ọkọ̀?"

"Fọ́tò tí mo rí ló—"

"Fọ́tò ọkọ̀ ibòmíràn. Iwájú ló ń wà lórí àwọn ọkọ̀ tèmi. Mi ò ní jókòó kí ọmọ gbé ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀ kiri àdúgbò mi. Gbé e kúrò níbẹ̀, ọmọ gúúsù. Maren, kó àbẹ́là wá. Yìnyín tó bá yọ́ á jẹ páálí yìí kó tó dé ìkóríta."

Gbogbo wọn mú àbẹ́là, wọ́n ń fi pa ọkọ̀ àti ilé iná lára kí omi má bàa wọ̀ wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde, ilé iná ló ń lọ níwájú, ọkọ̀ ń tẹ̀ lé e láti ilé dé ilé, wọ́n ń gba súìtì. Arvid tó ní òun kò jáde nínú òtútù wà lẹ́yìn wọn, ó ń fi ẹnu fọn fèrè ọkọ̀ ní gbogbo ìkóríta.

Eyín Wendell ń gbá ara wọn. Maren tú ìdajì ṣáàlì rẹ̀, ó we é mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ṣé wàá lọ?" ni Maren bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ààyò mi. Lọ́la, màá lọ ra kóòtù."

Ìgbà òtútù yẹn gùn, ó sì le, àmọ́ kò lé Wendell lọ. Ó kọ́ bí a ti ń gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà gáréèjì tí Arvid ń jókòó sí ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́n. Arvid kò dúpẹ́, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í po kọfí fún ẹni méjì.

Ní oṣù August tó tẹ̀ lé e, nínú ooru tó ń mú ajá yọ ahọ́n, Wendell kó àwọn ọmọ sí àgbàlá, ó wọ kóòtù òtútù fún wọn, ó sì ń wọ̀n wọ́n fún aṣọ páálí Hálówíìn tuntun. Òógùn bò wọ́n. Àwọn aládùúgbò yọjú láti máa fi wọ́n ṣẹlẹ́yà.

"Maren," ni Wendell wí, "wọ ìbọ̀wọ́ rẹ náà."

"Èmi? Kí lèmi fẹ́ dà?"

"Wọ̀ ọ́ ná."

Ó wọ ìbọ̀wọ́ onírun tó nípọn jù. Wendell kúnlẹ̀ sórí koríko, ó yọ òrùka kan lápò, ó fi bọ̀ ọ́ níka lórí ìbọ̀wọ́ náà. Ó wọlé wẹ́kú.

"Ṣé wàá fẹ́ mi, olólùfẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ," ni Maren wí, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó lè fi òrùka náà sí ìka lásán. Òrùka yọ̀ bọ́rọ́, ó já sínú koríko, àwọn ọmọ bá bẹ́ lé e pẹ̀lú kóòtù wọn.

Arvid rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i lẹ́sẹ̀. "Ó tán," ló wí. "Ọkùnrin yìí ti wá mọ ibi tó ń gbé."

Wọn kò gbé òrùka náà lọ fún ẹni tó máa dín in kù. Ìgbéyàwó ni wọ́n fi sí January, ìgbà tí ìbọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́.