Ẹkún Ìyàwó Inú Fíìmù

“Ummu, kí ni obìnrin yẹn ń sọ?”

“Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, Màmá Àgbà.”

“Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti fi obì yìí sẹ́nu, ‘mo fẹ́ràn rẹ’ nìkan ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà máa ń gùn.”

Irọ́ ni mo pa. Òyìnbó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn ìrun àsárì. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi omi ṣan àdìrẹ fún Màmá Àgbà, Àlímátù, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń ta àdìrẹ lọ́jà Ìtòkú. Èékánná mi dúdú fún aró, ẹ̀yìn ń ro mí, ìdánwò àṣekágbá sì ku oṣù méjì. Ìyá mi ti kú. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì láti Ewékorò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń rí i. Èmi àti Màmá Àgbà nìkan la wà nílé ní Adigbe, èmi ni mo sì ń bá a ríran.

Mi ò sọ àsọdùn. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ojú ọ̀tún tó kù, àwọ̀ aṣọ ló ń rí dáadáa, ènìyàn dà bí òjìji níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó fíìmù Íńdíà. Kò gbọ́ èdè wọn, kò sì gbọ́ òyìnbó. Èmi ni mò ń ka èyí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, tí mo ń sọ ọ́ fún un ní Yorùbá.

Fíìmù ọjọ́ náà gùn tó wákàtí mẹ́ta. Ọmọbìnrin olówó kan ń fẹ́ dẹ́rẹ́bà bàbá rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó bá wá tọrọ ọmọbìnrin náà ló ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń pa wọ́n. Màmá Àgbà ti fi ọkàn sí dẹ́rẹ́bà yìí.

“Gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe tutù,” ló ń wí. “Ọmọ dáadáa ni. Dẹ́rẹ́bà bíi ti ọmọ tèmi náà.”

Nígbà tí fíìmù fẹ́ parí, oorun ti fẹ́ gbé mi lọ. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́. Òun gan-an ni apànìyàn. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, ìbéèrè Màmá Àgbà kò ní tán bọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tó ń sunkún?”

“Wọ́n ti gbà kó fẹ́ dẹ́rẹ́bà náà ni, Màmá. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe.”

“Ẹkún ìyàwó nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn nu ojú. “Èmi náà sun tèmi, láti ilé bàbá mi títí dé ẹnu ọ̀nà ọkọ mi.”

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé ó tán.

Àfi bó ṣe gbé ìtàn náà lọ sọ́jà. Ìyá Theophilus, tí ìsọ̀ òun àti ti Màmá Àgbà jọ wà pọ̀, ti wo fíìmù kan náà pẹ̀lú Theophilus ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Àlímá, ìgbéyàwó wo? Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń gbé e lọ!” Gbogbo ìlà ìsọ̀ ló gbọ́.

Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nírọ̀lẹ́. Kò pariwo. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó pariwo.

“Pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn ò dùn mí. Ẹkún kí ni obìnrin yẹn ń sun?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Ó rẹ̀ mí ni.”

“O ò bá ti sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Ṣé àárẹ̀ ṣàjèjì sí mi ni?”

Láti ọjọ́ náà, kò ní kí n tan fíìmù fún òun mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà náà kò gbọ́ Yorùbá, òyìnbó ló ń bá mi sọ. Ó ní ojú ọ̀tún wà nínú ewu. Ó fún wa ní ìgò oògùn kékeré kan, ó ní ká máa kán an láàárọ̀ àti lálẹ́, ká má ṣe fo ọjọ́ kan. Nígbà tí a délé, mo ṣàlàyé fún Màmá Àgbà.

“Ohun tí dókítà sọ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Àbí ó ti rẹ̀ ọ́?”

Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú àpò tó máa ń so mọ́dìí. “Theophilus á bá mi kà á. Mi ò ní kán ohun tí mi ò mọ̀ sójú kan ṣoṣo tó kù fún mi.”

Wọ́n sì ti gbé Theophilus lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Wásinmi, ìparí oṣù ló ń wálé. Mo bẹ Màmá Àgbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Mo lè pe aládùúgbò wa tó mọ̀wé kó wá bá wa kà á, ṣùgbọ́n yóò béèrè ìdí tí ìyá mi àgbà kò fi gba ọmọ ọmọ rẹ̀ gbọ́. Mo gbé fóònù láti pe bàbá mi, mo tún gbé e sílẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo dojú kọ ìwé mi, àwọn ọjọ́ sì ń lọ.

Ní ogúnjọ́ sí ìgbà náà, ó jókòó, ó ń ká aṣọ. “Ummu, ọjọ́ ti mọ́, kí ló dé tí o ò ṣí fèrèsé?”

Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Oòrùn wà lójú rẹ̀ gan-an.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó fi iná wo ojú náà, ó béèrè ìgbà tí oògùn tán. Mo sọ fún un pé a kò tíì ṣí i. Ó gbé iná náà sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan.

“Ó ní ojú náà ti lọ, Màmá. Ó ní bóyá oògùn yẹn ì bá dá a dúró.”

Màmá Àgbà wá ọwọ́ mi, ó dì í mú. “Eléyìí,” ó wí, “mo gbà ọ́ gbọ́.”

Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá rẹ̀ ọ́, sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe purọ́ fún ẹni tó gbé etí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ lórí eré lásán. Bí o bá sì ti purọ́, má jẹ́ kí ìtìjú dí ọ lọ́wọ́ àtiwá ẹlòmíràn tí wọ́n lè gbà gbọ́. Òótọ́ ni mo sọ nípa oògùn yẹn. Òótọ́ náà kò ṣe Màmá Àgbà láǹfààní kankan.