Ọkọ̀ Ẹrù Mẹ́jọ Cyril Threlfall

Pẹpẹ náà ṣófo. Eruku yí ibi tí ọkọ̀ ẹrù mẹ́jọ ti jókòó tipẹ́tipẹ́ ká, àwọn ọkọ̀ fúnra wọn ò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Maureen Tattersall dúró sáàárín yàrá pákó tó wà lẹ́yìnkùlé Cyril Threlfall, inú ń bí i. Ọlọ́pàá ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì. Olè tó jí owó, ó yé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé arúgbó tó wà lórí àìsàn, tó kó ohun tí ọwọ́ arúgbó náà ò lè ṣe mọ́ láéláé, ìkà nìyẹn.

Kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn ń gùn o. Ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ni, irú èyí tó ń sáré lórí irin tí wọ́n tò sórí tábìlì. Àwọn mìíràn a máa ra tiwọn nínú páálí. Cyril kì í ra ọkọ̀ ẹrù. Ike pẹlẹbẹ ló máa ń fi ọ̀bẹ gé, tí á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, títí tí á fi jọ ọkọ̀ èédú ibi ìwakùsà tí bàbá rẹ̀ kú sí. Dúdú ni gbogbo wọn, orúkọ ibi ìwakùsà náà sì wà lára wọn ní funfun. Nígbà òtútù tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ilé ìtọ́jú arúgbó ló sì wà látìgbà náà.

Maureen yẹ àgádágodo wò. Ẹnikẹ́ni ò fọ́ ọ. Fèrèsé wà bó ṣe wà. Ejò lọ́wọ́ nínú. Lórí pẹpẹ kejì, àwọn ẹ́ńjìnnì olówó iyebíye jókòó, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà. Ọ̀kan wà nínú àpò kóòtù Cyril. Èkejì wà lọ́wọ́ Shaun, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹbí kan ṣoṣo tó kù fún un láyé. Nítorí kọ́kọ́rọ́ yìí ni Cyril ṣe ní Shaun ló jí àwọn ọkọ̀ náà. Ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá, ó sì ní òun ò fẹ́ rí i lójú mọ́.

Maureen bá Shaun níbi tó ti ń tún mọ́tò ṣe.

"Ẹ̀yin náà wá mú mi ni?" Shaun ò gbójú kúrò lára táyà tó ń tú.

"Tí mo bá wá mú ẹ, mi ò ní dá wá. Ṣé ìwọ lo kó o?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Tí mo bá fẹ́ jalè, ẹ́ńjìnnì ni ǹ bá kó. Èmi ni mò ń nu eruku ara wọn. Èmi ni mò ń fá irùngbọ̀n Ọ́ńkù Cyril látìgbà tọ́wọ́ ẹ̀ ti kọṣẹ́." Ó ju sípánà sílẹ̀. "Èmi, olè."

Ó ta kété sí Maureen, ó sì padà sídìí táyà.

Nigel Duxbury ló kàn, ẹni tó ń ta ọkọ̀ kéékèèké àlòkù.

"Wọ́n ní o bẹ Cyril títí pé kó tà wọ́n fún ẹ."

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ó lé mi bí ajá. Ṣùgbọ́n Maureen, jọ̀ọ́, lo ọpọlọ ẹ. Ta ni mo fẹ́ tà wọ́n fún? Kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan yìí ní gbogbo agbègbè Lancashire tí kò mọ ọkọ̀ dúdú Cyril. Ẹni tó bá gbé e síta ti mú ara ẹ̀ fọ́lọ́pàá."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó kó wọn ò kó wọn fún títà. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ tirẹ̀ ni.

Maureen yà lọ́dọ̀ Clive Ormerod, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kéékèèké, tí òun àti Cyril wà nínú rẹ̀. Clive bu tíì fún un, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀bù tirẹ̀ mú.

"Shaun ni, kí lo tún ń wá?" ni Clive wí. "Mo jókòó ti Cyril lójoojúmọ́ nígbà tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo bọ́ kóòtù lára ẹ̀, èmi náà ni mo fi kọ́. Mi ò rí Shaun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lọ, tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́."

"Ìyẹn ló sọ fún ẹ."

Ní Sátidé, ẹgbẹ́ ṣe àfihàn ọdọọdún wọn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí tábìlì tí wọ́n ti ń du ife ẹ̀yẹ, ọkọ̀ ẹrù pupa mẹ́jọ wà níbẹ̀, wọ́n dán, wọ́n gún. Clive ló fi wọ́n sílẹ̀ fún ìdíje ní orúkọ ara rẹ̀.

"Iṣẹ́ òtútù yìí ni," ó ń sọ fáwọn tó pé lé e lórí. "Àtìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ọkùnrin kan bi í pé kí ló fi mú kí wọ́n wúwo tó báyẹn.

"Nọ́ọ̀tì irin ni mo tò sábẹ́ ilẹ̀ wọn. Mo ti ń wí i tipẹ́, ẹ má fi òjé sínú gọ́ọ̀mù funfun bíi tàwọn àgbà ijọ́un. Tó bá lo bí ọdún mélòó kan, á wú, á sì fọ́ ọkọ̀ látinú."

Maureen bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kẹta yọ síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ki oúnjẹ sẹ́nu. Ọ̀dà ti là ní igun rẹ̀.

Maureen mú òòfà tí wọ́n fi ń ṣa ìṣó kéékèèké láti orí tábìlì irinṣẹ́. Ó kọ́kọ́ gbé e sí àárín ilẹ̀ ọkọ̀ Clive ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òòfà gbé ọkọ̀ náà sókè kíá. Ó wá gbé e sí àárín ilẹ̀ ọkọ̀ pupa, níbi tó jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ irin. Kò mú un. Ó dán gbogbo mẹ́jọ wò. Kò mú ìkankan.

"Clive, níbo ni nọ́ọ̀tì irin wà?"

Clive nawọ́ sí òòfà náà.

"Òòfà yẹn ò dáa."

"Ó gbé tàtijọ́ ẹ. Òjé ló wà nínú èyí, òjé kì í bá òòfà ṣe. Ó sì ti wú. O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọdún mélòó kan ló máa ń gbà kó tó wú. Báwo ni iṣẹ́ òtútù yìí ṣe wú?" Ó na ọ̀bẹ sí i. "Ṣí ilẹ̀ ẹ̀ fún wa. Ṣebí ìwọ lo kàn án."

Clive gba ọ̀bẹ náà. Ẹnu ọ̀bẹ ń gbọ̀n rìrì lórí ike, kò lè fi sójú kan. Gbogbo wọn rí i. Ó gbé e sílẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ti ń ṣe báyìí tipẹ́," ó wí. "Ọdọọdún ni Cyril ń gba ife yẹn, kì í tiẹ̀ wá gbà á fúnra ẹ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ nínú kóòtù ẹ̀, mo kó àwọn ọkọ̀, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo fi sípíríìtì fọ ọ̀dà dúdú kúrò. Ọ̀dà agolo ni mo fín sí i, ìyẹn ò fẹ́ ọwọ́ tó dúró. Mo rí i pé igun kan ti là, mo ní ọ̀dà á bò ó títí wọ́n á fi fún mi ní ife. Mo rò pé Cyril ò ní jáde láàyè."

"O gbọ́ pé wọ́n mú Shaun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, o sì jókòó, o ń bu tíì fún mi." Ohùn Maureen ò lọ sókè, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń gbóná. "Àárẹ̀ ọwọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Clive. Ẹbí kan ṣoṣo tí arúgbó yẹn ní lo gbà lọ́wọ́ ẹ̀, torí ife."

Maureen kó àwọn ọkọ̀ náà lọ sílé ìtọ́jú arúgbó. Cyril gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wo ọkọ̀ pupa títí.

"Bá mi pe Shaun," ó wí.

Shaun wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Wọlé, ọmọ yìí. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́."

"Níbo lẹ ti pè mí lólè, Ọ́ńkù?"

Shaun nawọ́ sí pálọ̀ tí àwọn arúgbó yòókù ti ń jókòó.

"Ní pálọ̀ yẹn ni. Gbogbo wọn ń jẹun lọ́wọ́. Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ inú yàrá."

Maureen rò pé Cyril á fa ìbínú yọ, torí olórí kunkun ni. Cyril gbé ọwọ́ òsì lé táyà kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tó jókòó sí, ó ń yí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fà á sí, ó ń kọlu ògiri. Maureen fẹ́ tì í, Cyril ní kó fi òun sílẹ̀. Shaun ń tẹ̀ lé wọn, kò ràn án lọ́wọ́.

Ní pálọ̀, Cyril ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ó wí. "Mo pè é lólè níwájú yín. Kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Kí ló wí?" ni ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di béèrè.

Cyril gbé ohùn sókè, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Shaun ti wá di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà mú.