Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Fọ́tò

"Olè! Olè ni obìnrin yìí! Gbé yẹtí mi wá!"

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n na ìka sí ọmọ mi obìnrin, ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń fọ aṣọ ibùsùn wọn.

"Màmá, èmi kọ́ o," ọmọ mi dáhùn, ó sì ń fi òòyà ya irun wọn lọ.

Ọdún méjìlélógójì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣọ. Wàyí o, àìsàn ìgbàgbé ti wọ orí wọn bí ikán ṣe ń wọ igi. Nígbà mìíràn wọ́n á pè mí ní ìyá wọn, èmi náà á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àpótí sọnù, ṣíbí mẹ́ta tẹ̀lé e, yẹtí wúrà wá di àwátì. Kí n má purọ́, èmi pàápàá lọ ka ṣíbí ilé mi.

Ọmọ ọmọ mi, tí ọmọ mi yìí bí, tó wà nílé ìwé girama, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Nọ́ọ̀sì abúlé ló ti yá a kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, kó máa ya bí a ṣe ń tọ́jú arúgbó nínú ilé. Wọ́n á lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri ilé ìwòsàn, kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́. Inú mi dùn! Mo kọrin sí i:

"Yà mí bí mo ṣe rí, ọmọ mi,
Eyín lọ, ẹ̀rín ṣì kù."

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló ń wò bí ẹni tó rí ìrù ejò lábẹ́ ẹní.

Ọ̀rẹ́ ọmọ náà tí wọ́n ń pè ní Mo-Ti-Gbọ́ ló tún da epo síná. "Ìwọ ṣáà máa ṣọ́ ọ. Kámẹ́rà kì í parọ́."

Bí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ ọmọ mi á fetí mọ́ ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ìyá rẹ̀ tó ki ọwọ́ bọ àpótí ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi kámẹ́rà yà á. Kò béèrè nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì ní kó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Sábẹ́ ti àpótí yẹn, ó kọ ọ́ pé: "Kí ló ń wá nínú àpótí alápòótí?"

Gbogbo abúlé wá wò ó lára ògiri ilé ìwòsàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ mi kà á, ó fajúro. "Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú wọn," ó wí, ó sì lọ ilé rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n wẹ̀ wọ́n, wọn ò jẹun. Ẹni tí wọ́n pè lólè ni wọ́n ń béèrè: "Ọmọ yẹn dà?"

Ni mo bá fa ọmọ ọmọ mi lọ síbi ògiri náà. Èmi tí ìwé ò yé tó bẹ́ẹ̀, àwòrán ni mo ń kà. Nínú fọ́tò kìíní, kọ́tìnì yàrá ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nínú èyí tó kẹ́yìn, atẹ́gùn ń gbé gèlè wọn, kọ́tìnì dúró gbagidi bí èyí tí wọ́n so òkúta mọ́.

"Kí ló wúwo nínú aṣọ yìí?"

A sáré délé, a tú etí kọ́tìnì. Ṣíbí jábọ́, kọ́kọ́rọ́ jábọ́, yẹtí jábọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti rán gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, rírán tó gún régé! Orí ti gbàgbé, ọwọ́ ò gbàgbé.

"Mo fi pamọ́ fún ìyá mi ni," wọ́n wí.

Ọmọ ọmọ mi sáré lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ ni mo ń ṣà kúrò nínú àpótí," ìyá rẹ̀ wí, "kí wọ́n má baà gún ara wọn. O dúró lẹ́yìn mi, o ò lè pe 'Mọ́mì'?"

"Ẹ dárí jì mí, Mọ́mì."

"Iwájú èèyàn lo ti kọ ọ́."

Ọmọ náà padà síbi ògiri lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, tòun ti Mo-Ti-Gbọ́ tó ń wò, ó sì kọ òmíràn: "Ìyá mi nìyí. Abẹ́rẹ́ ló ń kó, kí Màmá má fara pa. Mi ò béèrè, mo kàn fura." Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ padà wá wẹ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó bá ọmọ rẹ̀ ṣàwàdà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, fọ́tò lè fi ọwọ́ han yín, kò lè fi inú hàn. Bí ẹ bá ń fura sẹ́nì kan, ẹ kọ́kọ́ bi í, nítorí ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.