Eyín Tí Láwùmí Kò Rí

Ẹsẹ̀ kan ọkùnrin náà ti bọ́ sí ìta kí Láwùmí tó rí i pé ó fẹ́ sá. Ó ga, ó dúdú, téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ ṣì rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bí ẹni tó gbé ẹyin. Igbe ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ nínú yàrá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí gbogbo àwọn tó jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ń lọ?”

“Ó ti san.”

“Ó ti san? Ẹ gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ká wò ó.”

Kò lè gbé e kúrò. Láwùmí rẹ́rìn-ín, ó fà á lápá aṣọ wọlé.

Oṣù kẹta ọdún 1984 ni. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí Láwùmí ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní kílínìkì kékeré kan ní Ríńgì Róòdù. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló sì jọ ń gbé ní Baṣọ̀run. Gàfárù lorúkọ télọ̀ náà, ọmọ Ìgbòho, tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán ní Dùgbẹ̀.

“Sísítà,” ni ó wí nígbà tó jókòó sórí àga tán, “tí ẹ bá ti mú kòkòrò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí. Mo fẹ́ mọ ojú ọ̀tá mi.”

“Kò sí kòkòrò tí ojú ń rí níbẹ̀. Ṣé ẹ máa ń lá súìtì?”

“Tí mo bá ń ránṣọ, ó máa ń wà lẹ́nu mi.”

“Òun náà nìyẹn. Ṣúgà rẹ̀ á há sínú kòtò eyín. Kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí á máa jẹ ẹ́, wọ́n á máa tu omi kíkan sílẹ̀, omi kíkan yẹn ló ń jẹ eyín títí yóò fi lu. Ihò tiyín ti jìn, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi iṣan. A lè gbà á là.”

“Ẹ ò ní fà á?”

“N kò ní fà á.”

Ó fi ẹ̀rọ kékeré gbẹ́ ibi tó ti rà kúrò, ó fọ̀ ọ́ mọ́. Ohun líle tó dà bíi fàdákà, tí wọ́n fi ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀ pa, ti tán ní kílínìkì láti inú oṣù kìíní, nítorí ọjà òkèèrè kò wọlé mọ́. Ìyẹ̀fun funfun àti òróró kánáfùrù ni Láwùmí pò pọ̀, tó fi dí i.

“Èyí á gbé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ padà wá. Bóyá ohun gidi á ti dé.”

Gàfárù padà wá. Kò tíì dé. Ó tún padà wá, kò tíì dé, Láwùmí sì ń fi kánáfùrù rọ́pò kánáfùrù. Nígbà kẹta, ó rí i pé èjìká aṣọ iṣẹ́ Láwùmí ti ya, ó sì fọwọ́ rán an níbẹ̀ kó tó jókòó. Nígbà kẹrin, Láwùmí yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó ní, “Eléyìí ò tíì jábọ́ o.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lẹ wá ṣe nígbà náà?”

“Mo wá kí ẹni tó fi í síbẹ̀.”

Láwùmí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá parí iṣẹ́, á gba Dùgbẹ̀ lọ, á jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù Gàfárù, wọn á jọ máa jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni Gàfárù fi ń jẹ tirẹ̀.

“Olólùfẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan,” Láwùmí á ní.

“Ìwọ lo ni ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà tó o bá tún un ṣe tán, màá fi méjèèjì jẹ ẹran ìgbéyàwó wa.”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó dé etí ìyá Láwùmí, kò pariwo. Aládùúrà ni Màmá, kì í fẹnu kan oògùn, kò sì bí ju Láwùmí nìkan lọ.

“Ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi tọrọ rẹ, Láwùmí. Ṣé mùsùlùmí ni màá wá fà ọ́ lé lọ́wọ́?”

“Mọ́mì, èèyàn dáadáa ni.”

“N kò sọ pé kì í ṣe èèyàn dáadáa.”

Ó parí síbẹ̀. Láwùmí kò gbà, Màmá náà kò gbà. Ó wá ku “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ kúùrọ̀lẹ́” láàárín ìyá àti ọmọ tó jọ ń jẹun nínú àwo kan tẹ́lẹ̀. Láwùmí á dé láti ibi iṣẹ́, á wọ yàrá rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Kò kíyè sí i pé Màmá ti ń we gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò rí i pé ẹ̀kọ omi nìkan ló ń mu, tó sì ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1985, Gàfárù dá lọ sí Baṣọ̀run láti lọ bẹ Màmá kó gbà fún wọn. Ó bá a níjòókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ọrùn rẹ̀ ti wú dé àyà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì. Gàfárù kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sáré gbé e dé títì, ó sì gbé e wọ tákísí lọ sí ọsibítù ńlá.

Nígbà tí Láwùmí débẹ̀, ojú kan ló fi wo ọrùn náà, ó ti mọ̀. Eyín ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ni. Ihò kékeré tí òun ì bá ti dí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti jìn dé iṣan, iṣan ti kú, ọyún ti gba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ sọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ṣe ohun tó wà lágbára wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Màmá ti kú.

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni Láwùmí wá rántí. Kí ìjà wọn tó bẹ̀rẹ̀, ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, inú ń bí i, ó ní, “Fífà la kàn ń fa gbogbo rẹ̀ báyìí, Mọ́mì. Èyí tó yẹ ká dí, à ń fà á dànù.” Màmá kàn pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí Gàfárù wá kí i, Láwùmí kò ní kó jókòó.

“Ẹ má wá mọ́. Bí kò bá ṣe ọ̀rọ̀ yín tó wà láàárín wa, ǹ bá ti wo ẹnu ìyá mi.”

Gàfárù ní, “Mo gbọ́.” Ó lọ.

Láwùmí kò lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Olúbùsọ́lá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló wá fà á jáde. “Ohun tí a fi ń dí eyín ti dé,” ó ní. “Àwọn èèyàn jókòó dè wá.”

Ní ọjọ́ tó padà, ó wá káàdì Gàfárù jáde. Ẹlòmíràn ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ: fífà. Láwùmí tẹjú mọ́ ọn títí àwọn lẹ́tà náà fi dàrú lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣíwọ́, ó gba Dùgbẹ̀ lọ.

Gàfárù gbé orí sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti rù.

“Kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?” Láwùmí bi í.

“Mo dúró. Eyín náà ni kò dúró.”

Láwùmí jókòó, ó bú sẹ́kún. Gàfárù jẹ́ kó sun ún.

“Nínú tákísí lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ sọ̀rọ̀ kan,” ló wí lẹ́yìn náà. “Ó ní, ‘Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún Láwùmí pé eyín ni.’ Kò fẹ́ kó dùn ọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́ fún ọ títí di òní.”

“Ṣé ó sọ̀rọ̀ nípa wa?”

“Rárá. N kò ní purọ́ fún ọ, Láwùmí. Kò súre fún wa. Ó kàn di aṣọ mi mú títí a fi débẹ̀.”

Láwùmí na ọwọ́ sí iwájú bùbá Gàfárù, ó di í mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

“N kò ní lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó,” ó ní.

“Ta ló ní kó o rẹ́rìn-ín? Tó o bá ń sunkún, màá jókòó tì ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n Màmá, Bàbá Adéyẹmọ, ló fọwọ́ sí i. Kóòtù ni wọ́n ti ṣe é, nínú oṣù kìíní ọdún 1986, láìsí ìlù, láìsí àsè. Láwùmí sunkún, Gàfárù sì jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Àpáta, níbi tí Bàdírátù, ìyá Gàfárù, ti ń dúró dè wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, Láwùmí ń tú ẹrù rẹ̀ nínú yàrá nígbà tí Bàdírátù pè é láti ẹ̀yìnkùlé.

“Láwùmí o!”

“Mà!”

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Bí ó ṣe máa ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn gan-an nìyẹn, láti inú yàrá, ní ohùn òkè. Kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Màmá ti kú. Ó di etí àpótí mú, omijé rẹ̀ ń kán sórí aṣọ.

Bàdírátù kò pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró dè é. Nígbà tó yá, Láwùmí nu ojú, ó tún ìró rẹ̀ so, ó sì lọ jẹ́ ìpè náà.