Ìbọn Tí Wọ́n Fi Yẹ́ Ọlágòkè Sí

Ọ̀rẹ́ mi, èèyàn lè máa rẹ́rìn-ín láàárín ọjà, kó sì ti máa dágbére fáyé nínú ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlágòkè rí, sójà ará Kíṣì, ọmọ agboolé ọdẹ.

Nígbà tó ti ojú ogun lókè Ọya dé, gbogbo àdúgbò ló tú jáde. Wọ́n ń kì í, wọ́n ń pè é ní akọni tí ìbọn ò rí gbé ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ha! Wọn ò mọ̀ pé oríkì yẹn ń gún un lọ́kàn ni.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀tá ká wọn mọ́ inú igbó, ọta ìbọn ba ọ̀rẹ́ rẹ̀, Success, ọmọ Ìlerò. Success ní, "Gòkè, má fi mí sílẹ̀." Ọlágòkè wo ojú rẹ̀, ó sì sá. Òun là. Success kò là.

Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Bí ọ̀kadà bá dún gbàù lójú títì, yóò dojú bolẹ̀. Ó sọ ògógóró di omi mímu. Ó so oǹdè mọ́ apá, kí Success má baà máa wá bá a lójú àlá mọ́. Pàbó ló já sí. Bí Ọpẹ́, ìyàwó rẹ̀, bá béèrè ohun tó ń ṣe é, á ní, "Kò sí nǹkan." Ta ni yóò sọ ọ́ fún? "Ikú yá ju ẹ̀sín" ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà lágboolé ọdẹ. Ẹ ò rí i bí òwe ṣe lè ti èèyàn sí kòtò!

Àwọn àgbà rí i pé ó ń rù. Kí ni wọ́n wá ṣe? Baba Ọdẹmúyìwá, àbúrò baba rẹ̀, tó jẹ́ olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko, ní àìríṣẹ́ṣe látìgbà tó ti kúrò lójú ogun ló ń dà á láàmú. Ó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ọdẹ. "Gbà, ọmọ ọdẹ. Ìwọ ni kó o máa ṣáájú wa." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń wá ikú kiri, àwọn èèyàn rẹ̀ gan-an ló gbé ìbọn fún un, wọ́n rò pé àwọn ń yẹ́ ẹ sí ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó gbé ìbọn náà, ó forí lé ọ̀nà oko. Kì í ṣe ẹran ló ń wá lọ. Lójú ọ̀nà ló ti pàdé Dáníẹ́lì, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọlágòkè bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún un. "Máa lò ó. Bá mi tọ́jú Ọpẹ́." Ó sì kọjá lọ.

Àyà Dáníẹ́lì já. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó tẹ̀ lé e títí Ọlágòkè fi jókòó sábẹ́ igi igbá kan. Òun náà jókòó tì í. Kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ọlágòkè, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ẹkún tó ti há sí i láyà látọjọ́ yìí bú jáde. "Ojo ni mí, Dáníẹ́lì. Mo sá fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀, ó kú. Ẹni tí wọ́n ń kì yẹn, kì í ṣe èmi. Jẹ́ kí n máa lọ. Ó ti sú mi."

Dáníẹ́lì kò bá a wí, kò sì ní kó má sunkún. "Mo gbọ́. Mi ò ní í fi ọ́ sílẹ̀ níbí. Ṣé o mọ̀ pé Pétérù náà sá? Ó tún búra pé òun ò mọ Jésù rí. Nígbà tí Jésù jí dìde, ṣé ó wá Pétérù láti gbẹ̀san ni? Iná ló dá létí òkun, ó yan ẹja, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ká ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ náà."

"Tèmi kẹ̀?"

"Tìrẹ. Gbé ìbọn yẹn fún mi."

Ọlágòkè dì í mú. Ta ló ń gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ ọdẹ? Àbùkù gbáà ni! Dáníẹ́lì kò jà á gbà. Ó kàn tẹ́wọ́, òógùn bò ó, ó ń gbàdúrà sínú. Ó pẹ́ kí ọwọ́ Ọlágòkè tó tú. Ó gbé ìbọn náà fún un, ó já oǹdè apá rẹ̀ dànù, ó dojú bolẹ̀. "Jésù, mo sá. Dárí jì mí. Gbà mí, mi ò fẹ́ kú mọ́."

Má rò pé ibẹ̀ ló parí sí o. Dáníẹ́lì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn, Ọpẹ́ sì ń rí i pé ó ń lo oògùn rẹ̀. Nígbà tí Baba Ọdẹmúyìwá gbọ́, ó sunkún. "Áà, a ò mọ̀!" Ó kó gbogbo ìbọn kúrò lágboolé. Àlá burúkú ṣì ń wá, ṣùgbọ́n Ọlágòkè ń jí Ọpẹ́ báyìí, wọ́n á jọ gbàdúrà.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ó lọ bá ìyá Success ní Ìlerò, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ òtítọ́. Màmá náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde, ọmọ mi. Mi ò lè sin ọmọ méjì."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá aṣọ sójà ló wà lọ́rùn rẹ, bóyá o ti bọ́ ọ. Ohun tó o ṣe tí o kò lè fẹnu sọ, Jésù ti mọ̀ ọ́n, kò sì lé ọ. Má fi ẹ̀mí rẹ san gbèsè tí ó ti fi ẹ̀mí tirẹ̀ san. Ronú pìwà dà lónìí. Bí ikú bá sì ń pè ọ́, má dá nìkan jókòó. Gbé ohun ìjà èyíkéyìí fún ẹlòmíràn, wá èèyàn kan, ìyàwó rẹ ni o, nọ́ọ̀sì ni o, pásítọ̀ ni o, ọ̀gá rẹ ní bárékè ni o, kó o sọ fún un pé, "Mo fẹ́ kú, ràn mí lọ́wọ́." Bó bá sì jẹ́ arákùnrin rẹ lo rí tó ń dágbére, bi í léèrè, kó o sì dúró tì í. Má wulẹ̀ ka ìwé yìí tán kó o ká a sápò. Dìde báyìí, kó o lọ bá ẹni náà.