Ikùn Káfíńtà Kì Í Ṣe Ọ̀rá

"Olówó orí mi, ẹ fa ikùn sínú díẹ̀."

"Mo ti fà á sínú tán!" ni Káfíńtà dáhùn.

Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tú ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ fẹ̀ léraléra, ó sì ń yangàn pé oúnjẹ òun ló ń hàn lára rẹ̀. Àfìgbà tó fi téèpù wọn apá. Apá ti rù! Ta ló ń sanra níkùn tó ń rù lápá? Àyà obìnrin náà já, ó pe ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ọmọ náà dé, ó rọra tẹ ikùn bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, èyí kì í ṣe ọ̀rá. Ó jọ omi. Ṣé ẹ ń ṣunú ni?"

"Gbuuru ni, ó ti ṣe díẹ̀. Mo ń lo oògùn tó ń dá a dúró."

"Ṣé ẹ lo kápúsù apakòkòrò kankan ṣáájú ẹ̀?"

"Rárá o."

Télọ̀ yíjú sí i. "Èyí tí ọ̀rẹ́ yín fún yín nígbà tí ehín ń dùn yín ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ehín ni mo lò ó fún. Kí ló kan inú?"

Ọmọ náà ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún. "Bàbá mi, inú náà lẹ gbé e mì sí. Kòkòrò tó ń ṣe wá lóore wà nínú ìfun. Tí kápúsù bá pa wọ́n, èyí tó burú á ráyè, á mú kí ìfun wú, kó sì dégbò. Tó bá le, omi ara lè máa jò sínú ikùn. Ẹ dìde, ká lọ sí ọsibítù."

"Iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi ńkọ́?"

Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tẹ́ ẹ bá kú, ta ni màá máa yọ lẹ́nu?"

Káfíńtà dìde.

Àyẹ̀wò fi hàn pé òótọ́ lọmọ sọ. Dókítà ní ká ní wọ́n tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ìfun lè bẹ́. Wọ́n fún un ní ìtọ́jú tó yẹ, ikùn fà, ara sì yá. A dúpẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má gba kápúsù apakòkòrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn tẹ́ ẹ lò ó, kódà tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán, ẹ má fi oògùn dá a dúró fúnra yín. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá bí ikùn bá ń wú, bí ara bá gbóná tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ dáadáa, kí kòkòrò náà má bàa ran ará ilé.

Gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò ni kẹ́ ẹ dárúkọ, títí kan ti ehín. Dókítà ò lè wo ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́ fún un.